Ṣé sójà ló ń lé ọ̀daràn lọ ni, àbí ará àdúgbò? Àlàyé lórí bí ìpànìyàn ṣe ń dín kù láwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump kéde pé ìwà ọ̀daràn ti bo Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà, mọ́lẹ̀. Ó gba àṣẹ lórí ọlọ́pàá ìlú náà, ó sì kó ọmọ ogun National Guard dà sí ìgboro. Àwọn aláṣẹ ìlú ní ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, pé ìwà ipá ò tíì kéré tó báyìí láti bí ọgbọ̀n ọdún. Maryland, tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí gan-an, ló bá Washington pààlà. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọmọ níbẹ̀ á fẹ́ mọ ẹni tó yẹ kóun gbà gbọ́.

Àríyànjiyàn náà ti kúrò ní ti Washington nìkan. Ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ ni pé: nígbà tí ìpànìyàn bá dín kù ní ìlú ńlá, kí ló dín in kù? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dárúkọ "ọlọ́pàá àdúgbò", orúkọ tí oníkálukú ń fún ní ìtumọ̀ tó wù ú. Àwa náà ti ń pè é nílé báyìí, nígbà tí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ tún ti gbérí.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Washington gan-an?

Washington kì í ṣe ìpínlẹ̀, kò sì ní gómìnà. Òfin ọdún 1973 tó jẹ́ kó máa yan méyọ̀ àti ìgbìmọ̀ tirẹ̀ ṣẹ́ nǹkan kan kù fún ààrẹ: bí ààrẹ bá rí i pé pàjáwìrì wà, ó lè lo ọlọ́pàá ìlú náà fún ọgbọ̀n ọjọ́. Kò sí ààrẹ tó lo àyè yìí rí kó tó kan Trump. Nǹkan bí 800 ọmọ ogun ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Àwọn gómìnà kan tún fi tiwọn ránṣẹ́ lẹ́yìn náà.

Ọdún 2023 ni àwọn tó ti Trump lẹ́yìn ń tọ́ka sí. Ènìyàn 274 ni wọ́n pa ní Washington lọ́dún náà, iye tí ìlú náà ò rí fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Wọ́n tún ní kò dájú pé àkọsílẹ̀ àwọn ọlọ́pàá ṣeé gbára lé, nítorí pé wọ́n ti ní kí ọ̀gá ọlọ́pàá kan lọ rọ́kún nílé lórí ẹ̀sùn pé ó ń yí àkọsílẹ̀ padà. Àwọn tó tako wọn ń tọ́ka sí ọdún tó tẹ̀ lé e: 274 ti di 187 lọ́dún 2024, ìyẹn ni pé ó fi ohun tó lé ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀ láàárín oṣù méjìlá, kí sójà kankan tó wọ ìlú. Lọ́dún 1991, iye náà lé ní 470.

Kò sí èyí tó parọ́ iye nínú wọn. Ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ló yàtọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni òǹkàwé máa ń ṣì sí.

Ṣé Washington nìkan ló ń dín kù?

Rárá o. Ìgbì kan ni, ó sì kárí Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2020, lásìkò Kòrónà, nígbà tí ilé ìwé tì, tí ìbọn ń tà wàràwàrà, tí ìwọ́de sì gba ìgboro lẹ́yìn tí ọlọ́pàá pa George Floyd ní Minneapolis, ìpànìyàn fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè lọ́dún kan ṣoṣo. Wọn ò rí irú ìfò bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 2021 ló bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. FBI, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí ìwà ọ̀daràn, ní ìpànìyàn fi ohun tó lé ní ìdá 11 dín kù lọ́dún 2023, ó sì tún fi nǹkan bí ìdá 15 dín kù lọ́dún 2024.

Ìgbì tó jù báyìí lọ ti wáyé ṣáájú. New York lọ́dún 1990: ó lé ní 2,200 ènìyàn tí wọ́n pa. Lọ́dún 2018, wọn ò tó 300, bẹ́ẹ̀ sì ni èrò ìlú náà ti fi bíi mílíọ̀nù kan lé sí i. Ẹni tó gbé New York láyé ọjọ́un, tó ń fi ọwọ́ di báàgì mú nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, á mọ̀ pé àyípadà náà kì í ṣe ti inú ìwé lásán.

Ìdí tí àwọn onímọ̀ fi ń lo ìpànìyàn ju ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn lọ ni pé òkú ò ṣeé fi pa mọ́ bọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lè máà dé àgọ́ ọlọ́pàá rárá, pàápàá tó bá rò pé wọn ò ní í ṣe nǹkan kan sí i. Ìyẹn ni pé bí ará ìlú bá sọ ìrètí nù nínú ọlọ́pàá, olè jíjà á "dín kù" lórí ìwé láìdín kù ní títì. Ohun kejì ni pé wọ́n máa ń pín iye náà sí orí ènìyàn 100,000, torí pé ọgọ́rùn-ún òkú ní ìlú kékeré kì í ṣe ẹgbẹ́ ọgọ́rùn-ún òkú ní ìlú ńlá. Lọ́dún 2021, FBI tún yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó àkọsílẹ̀ jọ padà, ọlọ́pàá New York àti Los Angeles ò sì lè fi tiwọn ránṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá fi ọdún yẹn gbé àríyànjiyàn rẹ̀ dúró, ẹ fi sùúrù gbọ́ ọ.

Kí ló fa ìdínkù àkọ́kọ́, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 1990 sí 1999?

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Láti ọgbọ̀n ọdún ni àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí èyí, wọn ò sì tíì fẹnu kò.

Èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní àtakò ni ọ̀rọ̀ kiráàkì, kokéènì tí wọ́n sè di òkúta kéékèèké. Ó wọ ìgboro láàárín ọdún 1980 sí 1989, ó sì sọ orígun títì di ọjà tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi ìbọn ṣọ́. Bí ọjà náà ṣe ń kú lọ ni ìbọn ń dákẹ́. Lọ́dún 1994, Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí òfin kan tó fẹ́ fi ọlọ́pàá 100,000 kún ti tẹ́lẹ̀, tó sì dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tí yóò máa fún àwọn ìlú lówó fún iṣẹ́ ọlọ́pàá àdúgbò. Púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé gbà pé bí ọlọ́pàá bá pọ̀ sí i, ìpànìyàn á dín kù díẹ̀. Ohun tí àwọn ọlọ́pàá náà yóò máa ṣe tí wọ́n bá dé ìgboro ni ìjà wà lórí rẹ̀.

Àwọn kan gbé e fún ọgbà ẹ̀wọ̀n. Lẹ́yìn ọdún 2000, àwọn tó wà látìmọ́lé ní Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù méjì. Wọ́n ní ẹni tó wà lẹ́yìn irin ò lè yìnbọn ní títì. Èsì tí wọ́n gbà ni pé ẹlẹ́wọ̀n ìpínlẹ̀ New York bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù lẹ́yìn ọdún 1999, ìwà ọ̀daràn ò sì padà gòkè. Ní Kánádà pàápàá, tí kò kó ènìyàn sẹ́wọ̀n bíi ti Amẹ́ríkà, ìpànìyàn dín kù lásìkò kan náà. Àwọn mìíràn ní òjé tí wọ́n yọ kúrò nínú epo bẹntiróòlù ni, nítorí òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Àwọn onímọ̀ méjì kan, John Donohue àti Steven Levitt, gbé e fún òfin tó fàyè gba ìṣẹ́yún lọ́dún 2001, pé ó dín àwọn ọmọ tí wọ́n bí láìfẹ́ kù, àwọn tó ṣeé ṣe kó dàgbà di ọ̀daràn. Ìjà tó bá a wá ò sì tíì tán.

Ìtàn New York ni wọ́n máa ń sọ jù, òun náà ni wọ́n sì máa ń sọ láàbọ̀. William Bratton di ọ̀gá ọlọ́pàá ibẹ̀ lọ́dún 1994. Ó bẹ̀rẹ̀ ètò CompStat, níbi tí ọ̀gá àgọ́ kọ̀ọ̀kan ti ń dúró níwájú àwòrán ìlú láti ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò rẹ̀ àti ohun tó ṣe sí i. Wọ́n tún gba èrò James Q. Wilson àti George Kelling, tí wọ́n kọ lọ́dún 1982, pé bí fèrèsé kan bá fọ́ tí ẹnikẹ́ni ò tún un ṣe, ìyókù á fọ́. Nítorí náà, kí ọlọ́pàá má fojú fo ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bọ́ sí dídá ènìyàn dúró ní títì tú yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Lọ́dún 2011 nìkan, ó lé ní ìgbà 685,000 tí wọ́n dá ènìyàn dúró bẹ́ẹ̀. Aláwọ̀ dúdú àti ọmọ Látìn ni èyí tó pọ̀ jù, bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni wọn ò sì rí nǹkan kan lọ́wọ́ wọn tí wọ́n fi lè mú wọn. Adájọ́ Shira Scheindlin dájọ́ lọ́dún 2013 pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é tako òfin Amẹ́ríkà. Ní 2015, ìdádúró náà ti lọ sílẹ̀ sí ohun tí kò tó 23,000. Àwọn tó fẹ́ràn ètò náà ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ á ṣàn, ṣùgbọ́n ìpànìyàn tún kéré sí i: 292 ni wọ́n kà lọ́dún 2017.

Ẹnì kan tó wo ibòmíràn ni Patrick Sharkey, onímọ̀ àwùjọ. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka àwọn ẹgbẹ́ tí ará àdúgbò fúnra wọn dá sílẹ̀ láti tún ilé ìṣeré ọmọdé ṣe, láti kọ́ ọ̀dọ́ níṣẹ́, láti ṣọ́ títì. Wọ́n rí i pé ní ìlú ńlá, bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá bá kún ti tẹ́lẹ̀ fún ènìyàn 100,000, ìpànìyàn ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Àwọn wọ̀nyí ò gbé ìbọn, orúkọ wọn kì í sì í sí nínú ìròyìn.

Kí wá ni ọlọ́pàá àdúgbò?

Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ aláàbò tí ará àdúgbò dá sílẹ̀. Kì í ṣe ọdẹ tí ẹgbẹ́ onílé ń sanwó fún kó máa lu irin lóru. Ọlọ́pàá ìjọba gan-an ni, ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ ló yàtọ̀.

Nínú ìlànà náà, ọlọ́pàá kan náà á wà ní àdúgbò kan náà títí ojú á fi mọ ojú. Á máa fẹsẹ̀ rìn dípò kó jókòó sínú ọkọ̀. Á máa bá àwọn ará àdúgbò ṣèpàdé, àwọn ni yóò sì sọ ohun tó ń dùn wọ́n. Ó lè jẹ́ ilé ahoro kan tí àwọn jàǹdùkú sọ di ibùba, ó sì lè jẹ́ iná títì tó kú. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni láti wá ẹni tó máa tún un ṣe, kì í ṣe kó dúró dìgbà tí wọ́n bá jalè níbẹ̀ tán.

Fífẹsẹ̀ rìn nìkan ò tó, àwọn tó dán an wò ti rí i. Ní Newark, ní New Jersey, wọ́n dán an wò láàárín ọdún 1978 sí 1979: ìwà ọ̀daràn ò dín kù, ṣùgbọ́n ọkàn àwọn ará àdúgbò balẹ̀ sí i. Ní Philadelphia lọ́dún 2009, wọ́n kó ọlọ́pàá ẹlẹ́sẹ̀ sí kìkì àwọn orígun tí ìwà ipá pọ̀ sí jù, ìwà ipá sì fi ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó wọn kúrò, ànfààní náà bá wọn lọ.

Báwo ni Boston àti Baltimore ṣe ṣe tiwọn?

Ní Boston, ènìyàn 152 ni wọ́n pa lọ́dún 1990. Lọ́dún 1992, àwọn ọ̀dọ́ kan ya wọ ìjọ Onítẹ̀bọmi kan lákòókò ìsìn ìsìnkú, wọ́n sì gún ọmọkùnrin kan lọ́bẹ níwájú pásítọ̀. Ẹ̀rù tó bá ìlú lọ́jọ́ yẹn ló gbé àwọn pásítọ̀ aláwọ̀ dúdú dìde. Wọ́n dá ẹgbẹ́ TenPoint Coalition sílẹ̀, wọ́n sì ń rìn ní ìgboro lóru láti bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn àti ọlọ́pàá ò rí ojú ara wọn.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ bíi David Kennedy bá ọlọ́pàá jókòó ka ìwé ìpànìyàn, wọ́n rí i pé nǹkan bí ọgọ́ta ẹgbẹ́ ọmọ ìta, tí ọmọ ẹgbẹ́ wọn ò ju 1,300 lọ, ló wà nídìí nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìpànìyàn tó kan ọ̀dọ́. Wọn ò tó ẹyọ ọ̀dọ́ kan nínú ọgọ́rùn-ún ní gbogbo ìlú náà. Àwọn tí ọlọ́pàá ìbá máa dá dúró kiri títì ni àwọn mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún yòókù.

Láti ọdún 1996 ni wọ́n ti ń pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà jókòó. Ọlọ́pàá, agbẹjọ́rò ìjọba, pásítọ̀ àti òṣìṣẹ́ ìlú á wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ò gùn: pípa ènìyàn gbọ́dọ̀ dópin, ẹgbẹ́ tó bá tún pààyàn, gbogbo ẹgbẹ́ ni òfin yóò dojú kọ, ẹni tó bá fẹ́ jáde, iṣẹ́ rèé, ilé ìwé rèé, àwọn àgbà tó máa ràn án lọ́wọ́ rèé. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e ní ìpànìyàn àwọn ọ̀dọ́ fi ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀. Lọ́dún 1999, iye gbogbo ènìyàn tí wọ́n pa ní ìlú náà jẹ́ 31. Nígbà tí ọ̀gá yí padà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà sì tú ká, ìpànìyàn tún gòkè. Àwọn onímọ̀ kan ò gbà pé ètò náà ló ṣe gbogbo rẹ̀, torí pé ìlú tí kò ṣe irú rẹ̀ náà rí ìdínkù lásìkò yẹn.

Ti Baltimore, ní ìpínlẹ̀ Maryland, le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lóṣù kẹrin ọdún 2015, Freddie Gray, ọmọ ọdún 25, kú lẹ́yìn tó farapa ní àtìmọ́lé ọlọ́pàá, ìgboro sì dàrú. Láti ọdún náà títí dé 2022, kò sí ọdún kan tí wọn ò pa ju 300 ènìyàn lọ níbẹ̀. Lọ́dún 2017, ìjọba àpapọ̀ fẹ̀sùn kan àwọn ọlọ́pàá inú ikọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Gun Trace Task Force, pé wọ́n ń ja àwọn ará ìlú lólè lábẹ́ aṣọ ìjọba, ilé ẹjọ́ sì dá wọn lẹ́bi. Ta ni yóò wá lọ jẹ́rìí ìpànìyàn níwájú ọlọ́pàá tó lè kó owó inú ilé rẹ̀ lọ? Ẹjọ́ tí kò bá lẹ́rìí á kú sọ́wọ́, àwọn ẹbí òkú á sì wá ẹ̀san fúnra wọn. Báyìí ni ìpànìyàn kan ṣe ń bí òmíràn.

Lóṣù kìíní ọdún 2022, lábẹ́ Méyọ̀ Brandon Scott, wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú ètò Boston yẹn ní ìwọ̀ oòrùn ìlú náà. Lẹ́tà ni wọ́n ń mú lọ bá ẹni tí wọ́n rí i pé ó lè pa ènìyàn tàbí kí wọ́n pa á: gba ìrànlọ́wọ́, àbí kí o rí òfin. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Pennsylvania ní ìyìnbọn àti ìpànìyàn fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù ní agbègbè náà. Ní gbogbo ìlú, iye náà di 201 lọ́dún 2024, 2025 sì tún kéré sí i. Agbẹjọ́rò ìjọba ibẹ̀, Ivan Bates, tó gorí àga lóṣù kìíní ọdún 2023, ní fífi ẹni tó ń fi ìbọn dọ́ràn léraléra sẹ́wọ̀n náà wà nídìí rẹ̀. Àsìkò ètò méjèèjì wọnú ara wọn, nítorí náà ó ṣòro láti ya iṣẹ́ ọ̀kan kúrò lára ti èkejì.

Kí ni àwọn tó ń ṣiyèméjì ń sọ?

Ohun tó wúwo jù lọ́wọ́ wọn ni ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2021 nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n dán ọlọ́pàá àdúgbò wò ní Brazil, Kòlóńbíà, Làìbéríà, Pakísítàn, Filipíìnì àti Uganda. Ìwà ọ̀daràn ò dín kù, bẹ́ẹ̀ ni ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ọlọ́pàá ò pọ̀ sí i. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà ní wọ́n ń gbé ọlọ́pàá kúrò níbi tí ojú ti mọ̀ wọ́n, owó iṣẹ́ ò tó, àwọn ọ̀gá tó gba ètò náà sì ń yí padà. Ará àdúgbò á fẹjọ́ sùn nípàdé, kò ní í sí ẹni tó máa bójú tó o.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ní ìpàdé àdúgbò ò lè dí ọwọ́ ìbọn, pé ọlọ́pàá púpọ̀ àti ẹ̀wọ̀n ló lè ṣe é. Àwọn mìíràn ní owó ọlọ́pàá ti pọ̀ jù, kí wọ́n fi ṣe ilé ìwé àti ìtọ́jú ọpọlọ. Lóṣù kẹrin ọdún 2025, ilé iṣẹ́ ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀ fagi lé owó ìrànlọ́wọ́ tó tó bíi 800 mílíọ̀nù dọ́là, ti àwọn ẹgbẹ́ tó ń pẹ̀tù sí ìjà láàárín ọmọ ìta sì wà nínú rẹ̀.

Kí ló kàn wá nílé?

Àwa ń po ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. "Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀" ń bi wá pé ta ló ni ọlọ́pàá. "Ọlọ́pàá àdúgbò" ń bi wá pé báwo ni ọlọ́pàá ṣe ń bá wa gbé. Ìpínlẹ̀ lè ní ọlọ́pàá tirẹ̀ kó má mọ ará àdúgbò kankan, ọlọ́pàá àpapọ̀ náà sì lè mọ̀ wọ́n bí ẹni mowó.

Nàìjíríà ti gbìyànjú èkejì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lọ́dún 2004 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti Enugu. Lọ́dún 2020, ìjọba Buhari fọwọ́ sí bílíọ̀nù 13 náírà fún un, Òfin Ọlọ́pàá tuntun ọdún náà sì dárúkọ rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ń gbé àdúgbò kan ní Ìbàdàn tàbí Èkó mọ bó ṣe máa ń rí: ẹgbẹ́ onílé á ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ DPO, wọ́n á ti gbé e lọ ibòmíràn. Ohun kan náà ni ìwádìí ọdún 2021 rí ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà.

Àmọ̀tẹ́kùn yàtọ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2020 ni àwọn gómìnà ìwọ̀ oòrùn gúúsù ṣí i ní Ìbàdàn. Abubakar Malami, mínísítà ètò ìdájọ́ nígbà náà, ní kò bófin mu, nítorí abala 214 ìwé òfin ọdún 1999 ní ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni Nàìjíríà ní. Àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wá ṣe òfin tiwọn láti gbé e ró. Ọmọ ilẹ̀ ni àwọn ọmọ Àmọ̀tẹ́kùn, wọ́n mọ igbó, wọ́n sì gbọ́ èdè. Àwọn tó ń ṣàníyàn ní bí wọ́n bá ṣẹ ará ìlú, kò hàn kedere ibi tó máa fẹjọ́ wọn sùn, àti pé gómìnà lè fi irú ikọ̀ bẹ́ẹ̀ dojú ìjà kọ ọ̀tá nínú òṣèlú.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pàjáwìrì lórí ètò ààbò, ó sì rọ àwọn aṣòfin àpapọ̀ láti tún òfin wò kí ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ lè ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Kí abala 214 tó lè yí padà, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin àgbà àti ti ilé aṣojú-ṣòfin gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kó tó wá kan ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36. Nínú ìwé àbá tó bá dé ọwọ́ wọn, ibi tó yẹ kí ará àdúgbò kọ́kọ́ ṣí wò ni ibi tí wọ́n kọ iye ọdún tí ọlọ́pàá kan á lò ní àdúgbò kan sí, àti orúkọ ẹni tí wọn yóò fẹjọ́ rẹ̀ sùn.